Àríwá Sáípúrọ́sì: Orílẹ̀-èdè tó ní ààrẹ, tó ní àsíá, àmọ́ tí Tọ́kì nìkan gbà pé ó wà

Tí ẹ bá ń gbé ìlú ńlá bí Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ ó ti rí ìpolówó náà rí. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná, wọ́n á tún fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp: ẹ wá kàwé ní Cyprus, ẹ ò nílò IELTS, owó ilé-ìwé ò wọ́n, wàhálà físà ò pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìpolówó bẹ́ẹ̀ kì í sọ ni pé ìjọba méjì ló wà lórí erékùṣù kan ṣoṣo yẹn, àti pé apá tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ń lọ, ìyẹn apá àríwá, kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé mọ̀. Ẹ gbé fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti ní kí ẹ mú orílẹ̀-èdè, ẹ wá orúkọ ẹ̀ níbẹ̀, ó ṣòro kí ẹ tó rí i.

Àwọn kan ti ń bi mí pé irú ìlú wo gan-an nìyẹn. Mo kọ èyí kó lè wà níbi tí ẹ ti lè yà á wò nígbàkigbà tí ẹ́jẹ́ńtì bá dé.

Orúkọ ẹ̀ àti ibi tó wà

Kuzey Kıbrıs Türk Cumhuriyeti ni wọ́n ń pe ara wọn lédè Tọ́kì. Tí a bá tú u, Orílẹ̀-èdè Olómìnira Àwọn Tọ́kì ti Àríwá Sáípúrọ́sì. KKTC ni wọ́n gé e kúrú sí, àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní TRNC. Lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì tó wà ní gúúsù, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn. Ilẹ̀ tí ológun Tọ́kì gbà mọ́ àwọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè é, ayédèrú ìjọba sì ni wọ́n ń pe ìjọba ibẹ̀.

Inú òkun Mediterranean ni erékùṣù náà wà, apá ìlà oòrùn. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 9,251 kìlómítà níbùú lóròó. Apá àríwá tó nǹkan bíi 3,355 nínú ẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tóbi tó. Àmọ́ èrò ibẹ̀ ò tó ti ìjọba ìbílẹ̀ kan tó bá kún dáadáa l'Ékòó: nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2011, wọ́n lé díẹ̀ ní 286,000. Lefkoşa ni olú ìlú, ìyẹn ìlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Nicosia. Girne àti Gazimağusa wà létí òkun. Láti etíkun àríwá sí ilẹ̀ Tọ́kì kò ju nǹkan bíi 70 kìlómítà lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì Yorùbá mọ erékùṣù náà sí Kípírù, ibi tí Bánábà ti wá. Salamis, tí òun àti Pọ́ọ̀lù ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀gbẹ́ Gazimağusa ni àwókù ẹ̀ wà lónìí, lábẹ́ ìjọba àwọn Tọ́kì yìí.

Wọ́n ní ààrẹ, wọ́n ní ilé aṣòfin tó ní ìjókòó 50, wọ́n ní kóòtù, ọlọ́pàá àti àsíá. Àsíá náà funfun, òṣùpá àti ìràwọ̀ pupa wà láàárín, ìlà pupa kan lókè, ìkan nísàlẹ̀. Wọ́n kùn ún gbàgàdà sára òkè Beşparmak, ó tóbi débi pé ẹni tó bá wà ní gúúsù ìlú Nicosia ń rí i láti àgbàlá ilé ẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á tan iná sí i. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán o, wọ́n fẹ́ kí àwọn ará ọ̀hún máa rí i ni.

Báwo ló ṣe dà báyìí?

Àwọn Tọ́kì Ottoman gba erékùṣù náà ní 1571. Àwọn Gíríìkì tó jẹ́ Kristẹni ló pọ̀ jù níbẹ̀, Tọ́kì tó jẹ́ Mùsùlùmí wá ń gbé láàárín wọn, abúlé sí abúlé, àdúgbò sí àdúgbò. Ní 1878, Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso ibẹ̀ lọ́wọ́ Ottoman, ó sì di ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì pátápátá nígbà tó yá. Ohun tí ọ̀pọ̀ Gíríìkì ibẹ̀ ń fẹ́ kì í ṣe òmìnira lásán. Wọ́n fẹ́ kí erékùṣù náà darapọ̀ mọ́ ilẹ̀ Gíríìsì, énosis ni wọ́n ń pè é. Ní 1955, ẹgbẹ́ ajìjàgbara wọn, EOKA, bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Tọ́kì ní tiwọn ní taksim làwọn fẹ́, ìyẹn ni kí wọ́n pín ilẹ̀ sí méjì, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ológun abẹ́lẹ̀ tiwọn sílẹ̀, TMT. Gẹ̀ẹ́sì wá ń gba Tọ́kì ṣe ọlọ́pàá láti fi bá Gíríìkì jà. Ẹni tó bá mọ ìtàn Nàìjíríà dáadáa kò ní bi mí pé kí ló dé.

Òmìnira dé ní 16 oṣù Kẹjọ, 1960, oṣù kan ààbọ̀ ṣáájú tiwa. Òfin tí wọ́n fi ṣe é gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ Gíríìkì, igbákejì gbọ́dọ̀ jẹ́ Tọ́kì, igbákejì yìí sì lágbára láti wọ́gi lé àwọn ìpinnu kan. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fún Gíríìkì, 30 fún Tọ́kì. Nínú iṣẹ́ ológun, 60 sí 40. Ilé aṣòfin, 35 sí 15. Bẹ́ẹ̀ àwọn Tọ́kì ò ju bí ìdá 18 lọ nínú gbogbo èèyàn ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ federal character títí tó sú yín á mọ irú àríyànjiyàn tó máa tẹ̀lé e. Gíríìkì ní kí ló dé tí ẹni tó kéré ṣe ń gba oúnjẹ tó pọ̀ tó báyìí? Tọ́kì ní láìsí òfin yìí, wọ́n á kàn jẹ àwọn mọ́ ọn ni. Wọ́n tún wá fi orílẹ̀-èdè mẹ́ta ṣe onídùúró fún òfin náà: Gẹ̀ẹ́sì, Gíríìsì àti Tọ́kì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ní oṣù Kọkànlá 1963, ààrẹ àkọ́kọ́, Makarios, tó tún jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà, dábàá àyípadà 13 sí òfin náà. Èyí tó dun àwọn Tọ́kì jù ni pé ó fẹ́ gba agbára ìwọ́gilé yẹn lọ́wọ́ igbákejì ẹ̀, Fazıl Küçük. Kò tó oṣù kan tí ìbọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Nicosia. Kérésìmesì Ẹlẹ́jẹ̀ ni àwọn Tọ́kì ń pe ọ̀sẹ̀ yẹn títí dòní. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Young, mú pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé, ó fa ìlà la àárín máàpù ìlú náà kọjá kí wọ́n lè dáwọ́ ìjà dúró. Bí wọ́n ṣe ń pe ibẹ̀ ní Green Line nìyẹn. Ìlà pẹ́ńsù yẹn ṣì la àárín olú ìlú náà lónìí.

Àwọn Tọ́kì kúrò nínú ìjọba. Àwọn ní wọ́n lé àwọn ni, Gíríìkì ní wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde ni. Èyí tó wù kó jẹ́, nǹkan bíi 25,000 Tọ́kì sá kúrò nílé, wọ́n lọ ń gbé nínú àwọn àdúgbò tí wọ́n fi gbogbo ara há mọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ẹ bá bá àgbàlagbà Tọ́kì kan pàdé ní Lefkoşa tó ń sọ pé òun ò lè fọkàn tán Gíríìkì láéláé, ìgbà yẹn ló ń rántí. Àwọn ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dé ní oṣù Kẹta 1964. Wọn ò tíì kúrò.

Ọdún 1974

Ní 15 oṣù Keje 1974, ìjọba ológun tó wà ní Gíríìsì nígbà yẹn ti àwọn ológun erékùṣù náà lẹ́yìn láti lé Makarios kúrò lórí oyè. Ẹni tí wọ́n fi sípò ni Nikos Sampson, ọmọ EOKA àtijọ́ tí orúkọ ẹ̀ nìkan tó láti da omi tútù sí Tọ́kì lára. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ní 20 oṣù Keje, ọmọ ogun Tọ́kì sọ̀ kalẹ̀ ní etíkun Girne. Olórí ìjọba Tọ́kì, Bülent Ecevit, ní onídùúró làwọn, òfin 1960 ló fún àwọn láyè.

Ká ló parí síbẹ̀ ni, bóyá ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá gbà fún wọn. Ìjọba Sampson ò lò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ, ìjọba ológun Gíríìsì náà ṣubú. Àmọ́ ní 14 oṣù Kẹjọ, Tọ́kì tún bẹ̀rẹ̀ ogun ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì gba ilẹ̀ tó ju ìdá mẹ́ta erékùṣù náà lọ. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ onídùúró ò lè ṣàlàyé ti oṣù Kẹjọ yìí.

Nǹkan bíi 160,000 Gíríìkì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sá lọ sí gúúsù. Ó lé ní 40,000 Tọ́kì tó kó wá sí àríwá. Onílé di àlejò nílé onílé. Ọ̀pọ̀ fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí iná, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ dání torí wọ́n rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni. Ẹgbẹ̀rún méjì àti méjì èèyàn ni orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn tó sọnù láàárín 1963 sí 1974: 1,510 Gíríìkì, 492 Tọ́kì. Ìgbìmọ̀ kan tí ẹ̀yà méjèèjì jọ wà nínú ẹ̀ ṣì ń wú egungun lónìí, wọ́n ń fi DNA wá ẹni tó ni ín, wọ́n á sì dá a padà fún ẹbí kí wọ́n lè sin ín. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe, èyí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù.

Èkejì tí mo fẹ́ràn ni ti omi ìgbẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìlú pín, páìpù abẹ́ ilẹ̀ ò pín. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, olórí ìlú apá Tọ́kì, Mustafa Akıncı, àti ti apá Gíríìkì, Lellos Demetriades, jókòó pọ̀, wọ́n gbà pé kí àwọn jọ kọ́ ètò ìdaminù kan ṣoṣo fún odidi ìlú. Ìjọba méjèèjì ò mọ ara wọn, àmọ́ ìgbẹ́ wọn jọ ń ṣàn lọ síbì kan náà. Akıncı yẹn di ààrẹ àríwá ní 2015.

Ìkéde 1983 àti ohun tó tẹ̀lé e

Ní 15 oṣù Kọkànlá 1983, Rauf Denktaş kéde pé àríwá ti di orílẹ̀-èdè olómìnira. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìpinnu 541 jáde pé ìkéde náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí orílẹ̀-èdè kankan má ṣe gbà á. Látìgbà náà, Tọ́kì nìkan ló gbà. Nàìjíríà ò gbà.

Denktaş ṣe olórí títí di 2005. Wọ́n ṣí ẹnubodè fáwọn èèyàn láti máa sọdá ní 23 oṣù Kẹrin 2003, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì tò, àwọn kan mú kọ́kọ́rọ́ 1974 lọ́wọ́, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn ilé ara wọn, ẹlòmíràn ló ṣí i. Lọ́dún kejì, 24 oṣù Kẹrin 2004, wọ́n ní kí aráàlú méjèèjì dìbò lórí ètò tí Kofi Annan gbé kalẹ̀ láti tún wọn so pọ̀. Ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún Tọ́kì ní àwọn fẹ́. Ìdá 76 Gíríìkì ní àwọn ò fẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, gúúsù tó kọ̀ wọ inú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù; àríwá tó gbà wà níta. Lórí ìwé, gbogbo erékùṣù náà ló wà nínú àjọ yìí, àmọ́ òfin rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ní àríwá. Ọ̀pọ̀ ọmọ Tọ́kì ibẹ̀ tí òbí wọn jẹ́ ọmọ erékùṣù náà lọ gba pásípọ́ọ̀tù Sáípúrọ́sì ti gúúsù, wọ́n fi ń rìn káàkiri Yúróòpù. Ìyẹn ò kan àlejò, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé níbẹ̀ ò lè fi ọdún mẹ́rin ní Girne di ọmọ Yúróòpù, ohun yòówù tí ẹ́jẹ́ńtì ì báà sọ.

Báwo ni ìlú tí wọn ò mọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Tọ́kì ni ọ̀nà ẹ̀ sí gbogbo ayé. Lira Tọ́kì ni wọ́n ń ná, tí lira bá ṣubú ní Ankara, ọjà gbówó lórí ní Lefkoşa. Nọ́ńbà fóònù ibẹ̀, +90 392, abẹ́ ti Tọ́kì ló wà. Pápákọ̀ òfuurufú Ercan ò lè gba ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ tààrà láti ibòmíràn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ sí Tọ́kì. Omi gan-an, láti 2015, páìpù ló ń gbé e gba inú òkun wá láti Tọ́kì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Tọ́kì ṣì wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹ máa rí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀: ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wa ọkọ̀ sí, pọ́lọ́ọ̀gì iná wọn sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi tiwa.

Bọ́ọ̀lù? FIFA ò mọ̀ wọ́n. Ó dunni, torí ẹgbẹ́ Tọ́kì kan, Çetinkaya, gba ife líìgì gbogbo erékùṣù náà ní 1951 nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń gbá a.

Àìsí nínú ìwé yìí máa ń wúlò fáwọn kan o. Asil Nadir, olówó ńlá ọmọ erékùṣù náà tó ni ilé iṣẹ́ Polly Peck ní London, ilé iṣẹ́ ẹ̀ wó ní 1990, wọ́n fẹ̀sùn olè kàn án. Ní 1993 ó wọ bàlúù kékeré, ó di àríwá Sáípúrọ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ò mọ ìjọba tó wà níbẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ padà? Ọdún 17 ló lò níbẹ̀ kó tó fúnra ẹ̀ padà ní 2010, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 2012.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ilé aláràbarà etí òkun tí wọ́n ń polówó fún yín lórí Instagram, tí wọ́n ní ẹ lè san díẹ̀díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ẹ̀ jẹ́ ti Gíríìkì kan tó sá lọ ní 1974, tí ìwé ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Obìnrin kan, Titina Loizidou, gbé Tọ́kì lọ sí Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù lórí ilẹ̀ ẹ̀ ní Girne, ó jàre ní 1996, Tọ́kì san owó ìtanràn náà fún un ní 2003. Láti 2024, ìjọba gúúsù ti ń mú àwọn tó ń ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Wàhálà ọmọ onílẹ̀ Ajah, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Àwọn ọmọ wa níbẹ̀

Nígbà tí wọn ò lè ta ọsàn àti ànàmọ́ wọn ní Yúróòpù dáadáa, ilé-ìwé di ohun tí wọ́n ń tà. Yunifásítì Eastern Mediterranean ní Gazimağusa bẹ̀rẹ̀ bí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 1979, ó di yunifásítì ní 1986. Girne American dé ní 1985, Near East ní 1988, Cyprus International ní 1997, lẹ́yìn náà ni òmíràn ń ti ẹ̀yìn òmíràn jáde. Àwọn kan dára, àwọn tó jáde níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gidi. Àwọn kan, ọ̀rọ̀ owó ni. Ìlú tí èèyàn ibẹ̀ ò pọ̀ tó báyìí, owó tí àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ń san ló ń gbé e ró.

Ewu ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Nàìjíríà ò ní ẹ́ńbásì níbẹ̀, kò sì lè ní in, torí kò mọ ìjọba ibẹ̀. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín, Ankara ni ẹ ti máa wá ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún yín, òkun sì wà láàárín. Ní 2020, lẹ́yìn ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan níbẹ̀ tí òbí wọn ń pariwo pé àwọn ò rí ìdájọ́ òdodo, àjọ NIDCOM tí Abike Dabiri-Erewa ń darí kìlọ̀ fún òbí pé kí wọ́n yéé rán ọmọ lọ síbẹ̀. Ìkìlọ̀ náà ò dá ìpolówó dúró.

Ìkejì, ẹni tó bá gba Ercan wọlé, lójú gúúsù, ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọlé. Kò lè kàn rìn sọdá lọ sí Lárnáká kó ní òun ń lọ wọ bàlúù. Àwọn tí owó ilé-ìwé tán lọ́wọ́ wọn, tí ìwé ìgbélùú wọn kú, tí ìtanràn ojoojúmọ́ ń gorí ara, àwọn kan nínú wọn ti fò sọdá ní òru láti lọ tọrọ ibi ìsádi. Ní 2021, ọmọ Kamẹrúùnù méjì há sáàárín ìlà méjèèjì fún oṣù mélòó kan, níbi tí àríwá ò ti ní wọn, tí gúúsù ò ti gbà wọ́n. Ìgbà tí Póòpù Francis wá ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n tó rí ọ̀nà lọ sí Ítálì.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ńtì pé àríwá ni àbí gúúsù, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ NYSC àti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ bóyá wọ́n máa gba ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé náà gan-an, kì í ṣe "Cyprus" lápapọ̀. Ẹ ṣírò owó gbogbo ọdún, kì í ṣe ti ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gé kúrú láti fi fa ojú yín mọ́ra. Tí ọmọ náà bá sì ti lọ, kó má jẹ́ kí ìwé ìgbélùú ẹ̀ kú ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ní oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n dìbò fún ààrẹ tuntun. Tufan Erhürman, tó ní kí àwọn padà sí tábìlì láti jíròrò ìjọba àpapọ̀ kan pẹ̀lú Gíríìkì, fi ìdá tó lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò na Ersin Tatar, tó ní orílẹ̀-èdè méjì ló yẹ kó wà. Ìjíròrò ti forí ṣánpọ́n rí ní Crans-Montana lọ́dún 2017, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ fún yín pé wọ́n máa dà pọ̀ láìpẹ́, kí ọmọ yín tètè lọ kó lè bá Yúróòpù níbẹ̀, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kékeré kan kù. Tí ẹ bá ń fi ìwé tàbí ẹrù ránṣẹ́ sí ẹni yín níbẹ̀, ẹ má kọ Cyprus nìkan sí i o. "Mersin 10, Turkey" ni kí ẹ fi sí ìparí àdírẹ́sì, torí Tọ́kì ni lẹ́tà ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gúúsù ló lè balẹ̀ sí.